Ajá Tí Mo Ní Inú Rẹ̀ Mọ́

"Àǹtí, ẹ wá wo Bíńgò o! Ó ń bì Indomie!"

Ohùn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn, láàárọ̀ Sátidé kan, ní ẹ̀yìnkùlé ilé wọn nítòsí Òkè-Ajé, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Mo wà nídìí gààrì mi, mo ti da omi tútù àti ṣúgà sí i, mi ò sì fẹ́ dìde rárá. Ta ló tiẹ̀ fún ajá ní Indomie? Nígbà tí mo jàjà débẹ̀, mo rí i pé kì í ṣe Indomie. Aràn ni. Wọ́n tó mẹ́fà tàbí méje, wọ́n funfun bíi wàrà, gígùn wọn tó ìka ọwọ́, wọ́n ká jọ sórí sìmẹ́ǹtì, méjì nínú wọn sì ṣì ń lọ́ra. Ọmọ ajá náà dúró tì wọ́n, ikùn rẹ̀ rí bí agbè, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n.

Ohun tó dùn mí jù ni pé èmi ni mo gbé ajá náà wá. Èmi tí mò ń kàwé fún oyè másítà lórí àwọn àfòmọ́ tó ń gbé inú ẹranko. Èmi tí mo ti yẹ ìgbẹ́ ìyá ajá yìí wò ní laabu, tí mo sì fi ẹnu ara mi sọ pé inú rẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ n mú ọ̀rọ̀ náà láti ìdí rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni ọdẹ kan ṣoṣo tó kù nínú ìdílé wa. Bàbá ni gbogbo wa ń pè é. Abúlé rẹ̀ wà ní apá Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú, kò jìnnà sí igbó ọba Omo, igbó ńlá tí UNESCO ti kọ mọ́ ara àwọn igbó tí aráyé gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ láti 1977, tí erin ṣì wà nínú rẹ̀ títí dòní. (Bàbá kì í dọdẹ nínú igbó ọba o. Etí oko ló ti ń pa ọ̀yà àti òkété. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má bàa ní mo wá fẹjọ́ rẹ̀ sùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì.) Ajá mẹ́ta ló ní. Tanímọ̀la ló ṣáájú wọn, abo ajá pupa kan tí etí rẹ̀ kan ti ya. Tó bá ti gbó lẹ́ẹ̀kan, Bàbá ti mọ̀ bóyá ọ̀yà ló rí tàbí ejò.

Lọ́dún tó kọjá, mo nílò ìgbẹ́ ajá. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí mi gan-an, ọ̀gá mi ní kí n lọ fi ọwọ́ kọ́ iṣẹ́ ná: kí n kó ìgbẹ́ ẹranko bíi mélòó kan, kí n máa yẹ̀ ẹ́ wò títí ojú mi yóò fi mọ ẹyin aràn yàtọ̀ sí èérún koríko. Mo bá gba abúlé lọ, mo kó ìbọ̀wọ́, ọ̀rá àti ike kéékèèké dání. Bàbá wò mí lókè, ó wò mí nílẹ̀. Ó ní gbogbo owó tí wọ́n ti ń san nílé ìwé láti ọdún yìí wá, ṣé ìgbẹ́ ajá ni mo lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kó? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, tó bá ti rí mi báyìí, á ní: "Èmi ń wá ẹran ìgbẹ́, ìwọ ń wá ìgbẹ́ ẹran. Ọdẹ la jọ ń ṣe."

Nígbà tí mo ṣàlàyé pé aràn ni mò ń wá nínú rẹ̀, ó ní kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú. "Gbogbo ajá ló ní aràn nínú. Èwo ni ti ẹ̀rọ níbẹ̀?" Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, irú ẹ̀rín tí àwa ọmọ ilé ìwé máa ń rín sí àwọn àgbà. Mo ní, "Bàbá, kì í ṣe gbogbo wọn o. Wọ́n ti kà á."

Lóòótọ́, wọ́n ti kà á. Ní 2007, Sowemimo, onímọ̀ nípa ẹranko ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tẹ àbájáde iṣẹ́ kan jáde lórí ajá 269 ní Ilé-Ifẹ̀. Aràn tó ń wá ni Toxocara canis, aràn funfun gígùn tó ń gbé nínú ìfun ajá, ìyẹn "Indomie" ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ó rí ẹyin rẹ̀ nínú ìgbẹ́ ìdá 33.8 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ajá náà, ẹ kúkú pè é ní ajá kan nínú mẹ́ta. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òun àti Asaolu tẹ ti Ìbàdàn jáde. Ajá 959 ni wọ́n yẹ̀ wò níbẹ̀. Àwọn 237 ló ní irú aràn kan tàbí òmíràn, ìdá 24.7 nínú ọgọ́rùn-ún, ó kù bín-ín-tín kó pé ajá kan nínú mẹ́rin. Toxocara kó ìdá 9.0, èyí tó pọ̀ jù ni Ancylostoma, aràn wẹ́wẹ́ tó ń fi eyín kọ́ ara ìfun, tó sì ń mu ẹ̀jẹ̀, òun kó ìdá 17.9.

Èmi fẹ́ràn nọ́ńbà. Nọ́ńbà máa ń fi ọkàn èèyàn balẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n bi yín: tí wọ́n bá ní ajá kan nínú mẹ́rin ló ní aràn, kí ló ń wá sí yín lọ́kàn nípa mẹ́ta yòókù? Lọ́kàn tèmi, inú àwọn yẹn mọ́. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣìnà.

Omi iyọ̀ àti òdo

Ọ̀nà tí a fi ń wá ẹyin aràn rọrùn débi pé ẹ lè ṣe àbọ̀ rẹ̀ nínú ilé ìdáná. Ẹyin adìyẹ tútù máa ń rì sínú omi lásán, ṣùgbọ́n tí ẹ bá da iyọ̀ púpọ̀ sínú omi náà, á léfòó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹyin aràn. A ó po ìgbẹ́ díẹ̀ mọ́ omi iyọ̀ tó ki, a ó sẹ́ ẹ, a ó dà á sínú ike gbọọrọ kan títí yóò fi kún dẹ́nu, a ó wá fi gíláàsì pẹlẹbẹ kékeré bo ẹnu rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún, ìdọ̀tí á ti rì, ẹyin á ti léfòó wá lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Gíláàsì yẹn la máa gbé sábẹ́ máíkírósíkóòpù. Ẹyin Toxocara rẹwà, kí n má purọ́. Ó rí roboto, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti ilẹ̀ pupa tó rin, ara rẹ̀ sì ní ihò wẹ́wẹ́ bí èèpo ọsàn. Tí ẹ bá to méjìlá wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, gígùn wọn á tó bíi mìlímítà kan péré.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo yẹ ti Tanímọ̀la wò, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ẹ̀ẹ̀kíní, òdo. Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹyin kún ibẹ̀! Ṣùgbọ́n kò jọ ẹyin aràn ajá kankan tí mo rí nínú ìwé. Àyà mi ń lù kìkì. Mo ti ń ro orúkọ tí mo máa sọ aràn tuntun tí mo ṣàwárí yìí. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi lórí WhatsApp. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló fi dá mi lóhùn: "Kí ni ajá náà jẹ lánàá?" Mo pe Bàbá. Ó ní wọ́n pa ọ̀yà méjì; àwọn ajá ni wọ́n da ìfun rẹ̀ fún.

Gbogbo rẹ̀ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹyin aràn inú ọ̀yà gba ẹnu ajá wọlé, ó gba ìdí rẹ̀ jáde, ohunkóhun ò ṣe é, òun náà ò sì ṣe ajá ní nǹkan kan. Ajá kàn gbé e rìn ni, bí ọlọ́kadà ṣe ń gbé èrò. Ajá tó bá jẹ ìgbẹ́ èèyàn náà lè gbé ẹyin aràn èèyàn jáde bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá dá ẹyin mọ̀ dáadáa lè ka irú ajá yìí mọ́ àwọn tó ní aràn, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi gan-an ti fẹ́ kọ ọ́.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, òdo. Mo sọ fún Bàbá pé inú Tanímọ̀la mọ́. Mo tiẹ̀ sọ ọ́ bí ẹni tó ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí. Bàbá ní, "Ó dáa, dókítà," ó sì ń bá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ.

Nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, Tanímọ̀la bí ọmọ márùn-ún. Mo dúró kí wọ́n pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mo mú èyí tó sanra jù láàárín wọn, mo gbé e sínú páálí, mo wọ mọ́tò lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ń bẹ̀ mí fún ajá láti ìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ikùn ọmọ ajá yẹn gan-an ló wù mí tí mo fi mú un. Mo ní, ajá tó yó bámúbámú nìyí.

Ọ̀sẹ̀ méjì ló lò. Ó kú lọ́jọ́ kejì tó bì. Dókítà ẹran tí a gbé e lọ bá ní aràn ti dí ìfun rẹ̀.

Àwọn tó ń sùn

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kì í ṣe àdììtú rárá. Ó wà nínú ìwé, mo ti kà á fún ìdánwò, mo sì gba máàkì tó dáa níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí èèyàn mọ nǹkan fún ìdánwò yàtọ̀ sí kó mọ̀ ọ́n nígbà tí ajá wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Tí ọmọ ajá kékeré bá gbé ẹyin Toxocara tó ti gbó mì, ọmọ aràn á jáde nínú ìfun rẹ̀, á lu ara ìfun já, á bá ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀, á ti ibẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Yóò gun ọ̀nà èémí wá sókè, ajá á wú u bí ìgbà tó ń wúkọ́, á tún gbé e mì, ó sì tún padà sínú ìfun tó ti kúrò. Ìgbà yìí ló máa tó jókòó dàgbà. Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí kò kúkú jókòó síbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ti bi ọ̀gá mi rí.

Bí ajá ṣe ń dàgbà, ara rẹ̀ ń gbọ́n. Nínú ajá tó ti kọjá nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ọ̀pọ̀ ọmọ aràn kì í parí ìrìn àjò yẹn mọ́. Wọ́n á yà sínú ẹran ara, sínú ẹ̀dọ̀, sínú kíndìnrín, wọ́n á sì sùn síbẹ̀. Wọn kì í dàgbà, wọn kì í yé ẹyin. Wọ́n lè sùn bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀pọ̀ oògùn aràn tí a ń rà kì í rí wọn pa níbi tí wọ́n wà. Àyẹ̀wò tèmi náà ò lè rí wọn láéláé, torí ẹyin ni mò ń wá. Aràn tó ń sùn nínú ẹran itan, kí ló pa á pọ̀ mọ́ ìgbẹ́?

Oyún ni wọ́n ń dúró dè. Ajá máa ń gbé oyún fún nǹkan bí ọjọ́ 63. Nígbà tí oyún bá ti tó bí ọjọ́ 42, díẹ̀ nínú àwọn ọmọ aràn yìí á jí, wọ́n á gba ibi ọmọ kọjá, wọ́n á wọ inú àwọn ọmọ ajá tí wọn ò tíì bí. Àwọn mìíràn á bá wàrà ọmú wọlé lẹ́yìn ìbí. Ọmọ ajá ti gbé aràn wáyé kí ojú rẹ̀ tó là. Nígbà tó bá fi pé bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, aràn inú rẹ̀ lè ti máa yé ẹyin, abo aràn kan ṣoṣo sì lè yé tó ọ̀kẹ́ mẹ́wàá, ìyẹn 200,000, lójúmọ́. Kì í sì í ṣe gbogbo àwọn tó ń sùn lára ìyá ló ń jí pọ̀. Àwọn kan á dúró de oyún mìíràn, kódà tí ìyá ò bá tún kó aràn kankan sí i láàárín méjì.

Torí náà, ìyá lè ní òdo lórí gíláàsì mi kí gbogbo ọmọ rẹ̀ kún fún aràn. Àyẹ̀wò mi ò purọ́. Èmi ni mo ka ohun tí kò sọ sí i lẹ́nu.

Ẹ wá tún nọ́ńbà Ifẹ̀ àti Ìbàdàn wò pẹ̀lú ojú yìí. Ohun tí wọ́n kà ni ajá tí ẹyin aràn wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbà á. Nọ́ńbà tó dájú ni, ó sì wúlò. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ajá ọlọ́jọ́ orí tí wọ́n so mọ́ géètì wá, nọ́ńbà yín á lọ sílẹ̀. Ẹ gbé àwọn ọmọ ajá tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta wá láti àdúgbò tí ẹnikẹ́ni kì í fún ajá ní oògùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn lẹ máa kà. Ìlú kan náà, àrùn kan náà, nọ́ńbà méjì. Èwo nínú àwọn ajá yìí ni ọmọdé sì ń gbé sórí ẹsẹ̀, tó ń fi ẹnu kò lẹ́nu, tó ń bá sùn lórí ẹní? Kì í ṣe ti ẹnu géètì.

Bàbá tí kò fojú kan máíkírósíkóòpù rí ní gbogbo ajá ló ní aràn nínú. Nínú àwa méjèèjì, òun ló sún mọ́ òótọ́ jù.

Ohun tó wà lára òkété

Àwọn ẹranko inú igbó náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní Yúróòpù, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó ń rìn kiri ìlú ńláńlá lóru máa ń gbé Toxocara canis kan náà tó wà nínú ajá wa, ó sì ń yàgbẹ́ rẹ̀ sínú ọgbà ibi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré. Tẹ́ ẹ bá fún gbogbo ajá inú ilé lóògùn lónìí, ẹyin á ṣì máa ti inú ìgbẹ́ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ bọ̀ wá.

Níbi tiwa, ẹni tí mo rò pé ó yẹ ká máa wò ni ajá ọdẹ. Ó ń jí nínú ilé, ó ń lo ọ̀sán nínú igbó, ó sì ń yàgbẹ́ síbi méjèèjì. Ẹyin tó bá yà sínú igbó lè bọ́ sẹ́nu eku tàbí òkété. Toxocara canis ò lè dàgbà nínú wọn, torí eku kì í ṣe ajá. Ohun tí yóò ṣe nínú wọn ni ohun tó ń ṣe nínú Tanímọ̀la: á wọ inú ẹran ara, á sùn, á dúró. Lọ́jọ́ tí ajá bá gbá òkété yẹn mú, tó sì fi í ṣe oúnjẹ, aràn ti délé. Adìyẹ náà lè gbé e sára bẹ́ẹ̀. Ní Jàpáánì àti Kòríà, àwọn èèyàn ti kó o láti inú ẹ̀dọ̀ ẹran tí wọ́n jẹ ní tútù. Ní ti èyí, mo dúpẹ́ pé àwa Yorùbá kì í fi ẹran tútù ṣeré. Òkété tí Ìyá Àgbà bá gbé kaná, kò sí ohun tó lè sùn nínú rẹ̀ mọ́.

Ojú 46

Tó bá jẹ́ ajá nìkan ni, mi ò bá má kọ nǹkan yìí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń rò láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, lórí sìmẹ́ǹtì yẹn.

Ní 1950, ní Amẹ́ríkà, Helenor Wilder, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ yíyẹ ẹyinjú wò lábẹ́ máíkírósíkóòpù, tún gbé ẹyinjú 46 wò, èyí tí àwọn dókítà ti yọ kúrò lórí àwọn aláìsàn, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọdé. Ohun tí wọ́n ń fura sí ni jẹjẹrẹ inú ojú. Nínú 24, ohun tí Wilder rí ni ọmọ aràn tàbí àmì pé ọmọ aràn ti kọjá níbẹ̀. Kò sí jẹjẹrẹ níbẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé aràn mìíràn ni. Ọdún mẹ́fà kọjá kí wọ́n tó mọ̀ pé Toxocara ni. Láàárín ìgbà náà, ní 1952, Paul Beaver àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New Orleans ti ṣàlàyé ohun tí aràn yìí ń ṣe nínú àwọn ọmọ kékeré tí ẹ̀dọ̀ wọn wú, tí sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ wọn ń pọ̀ sí i láìsí ìdí tí ẹnikẹ́ni mọ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé aràn náà kò mọ̀ pé èèyàn kì í ṣe ajá. Ó jáde nínú ẹyin, ó lu ìfun já, ó ń wá ọ̀nà tí kò sí. Kò lè dàgbà nínú wa. Yóò kàn máa rìn kiri ni: ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀fóró, ìgbà mìíràn ọpọlọ, ìgbà mìíràn ẹ̀yìn ẹyinjú. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó kó o kò ní mọ̀ rárá. Àwọn kan á máa wúkọ́ tàbí kí inú máa run wọ́n, wọ́n á ní ibà ni. Àwọn díẹ̀ á pàdánù ojú kan. Nínú iṣẹ́ kan tó jáde ní 2019, tó kó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ jọ, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn láyé ló ní àmì nínú ẹ̀jẹ̀ pé aràn yìí ti dé ara wọn rí, àti pé Áfíríkà ni ti wa ti ga jù, nǹkan bí ìdá 38. Ẹ rántí ohun tí mo sọ nípa nọ́ńbà ṣá o: àmì nínú ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe àìsàn.

Èyí tó jẹ́ ìtùnú díẹ̀ fún mi ni pé ẹyin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìgbẹ́ kò lè ran ẹnikẹ́ni. Ó gbọ́dọ̀ wà nínú ilẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán kí ọmọ aràn inú rẹ̀ tó gbó. Torí náà, ẹni tó bá ń kó ìgbẹ́ ajá rẹ̀ lójoojúmọ́, tó ń rì í mọ́lẹ̀ jìn, ti ṣe iṣẹ́ ńlá. Ṣùgbọ́n nílé ẹ̀gbọ́n mi, ta ló ń kó o? Ọ̀sẹ̀ méjì ni Bíńgò lò níbẹ̀, ìdí igi máńgòrò ló sì ń lọ, níbi iyanrìn tí ọmọ náà fi ń se "ẹ̀bà." Ẹyin tó bá ti gbó nínú ilẹ̀ tó ní òjìji lè wà láàyè fún ọdún bíi mélòó kan. Bílíìsì kì í pa á. Omi tó ń hó ń pa á, iná ń pa á, ṣùgbọ́n ta ni yóò se gbogbo ẹ̀yìnkùlé?

A gbé ọmọ náà lọ sí ọsibítù. Dókítà tẹ́tí sí àyà rẹ̀, ó tan iná sí ojú rẹ̀ méjèèjì, ó ní òun ò rí nǹkan kan. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé irú sẹ́ẹ̀lì funfun tó máa ń pọ̀ tí aràn bá wà lára ga díẹ̀. Ó lè jẹ́ Toxocara. Ó lè jẹ́ aràn ọmọdé lásán tí gbogbo wa jọ ní nígbà tá a wà ní kékeré. Ó fún un ní albendazole, ó ní ká máa ṣọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n mi kò bá mi wí. Ó sàn kó bá mi wí.

Ó ti lé lọ́dún kan báyìí. Èmi àti ọmọ náà ní eré kan tí a máa ń ṣe tí mo bá lọ síbẹ̀. Màá fi ọwọ́ bò ó ní ojú kan, màá ní kó ka iye ìka tí mo nà sókè lápá kejì yàrá. Lẹ́yìn náà, ojú kejì. Ó rò pé ìṣirò ni mo ń kọ́ ọ. Títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ń gbà á.

A gbẹ́ iyanrìn ìdí máńgòrò kúrò tó jìn tó ìbú ọwọ́ méjì, a rì í sí ìsàlẹ̀ kòtò kan lẹ́yìn ọgbà, a da yanrìn títun síbẹ̀, a sì gé ẹ̀ka igi kó lè rí oòrùn. Bóyá ó tó, bóyá kò tó. Ẹ̀gbọ́n mi wá fi páànù bo ibi eré náà lóru nítorí ológbò àdúgbò, torí ológbò náà ní Toxocara tirẹ̀.

Oṣù yìí ni Tanímọ̀la tún bímọ. Mẹ́rin ni. Mo dé abúlé lọ́jọ́ tí wọ́n pé ọ̀sẹ̀ méjì gééré, mo gbé oògùn olómi dání, dókítà ẹran ti kọ iye tí mo máa fún wọn sílẹ̀ bí wọ́n bá ṣe wúwo tó. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ata nílé la fi wọ̀n wọ́n. (Mo fọ̀ ọ́ lẹ́yìn náà. Lẹ́ẹ̀mejì.) Bàbá di wọ́n mú lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi ń kán an sí wọn lẹ́nu, wọ́n ń ké bí ẹni pé a fẹ́ pa wọ́n. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì la máa tún un ṣe: ọ̀sẹ̀ kejì, ìkẹrin, ìkẹfà, ìkẹjọ, lẹ́yìn náà oṣooṣù títí wọn yóò fi pé oṣù mẹ́fà.

Nígbà tí a ṣe tán, Bàbá nawọ́ sí Tanímọ̀la tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ àgá, tó ń wò wá tìfura-tìfura.

"Ìyẹn ńkọ́? Ṣé inú rẹ̀ mọ́ lọ́tẹ̀ yìí?"

"Mi ò mọ̀, Bàbá."

Ó mi orí, ó di òun náà mú fún mi.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti rí fọ́tò wọn. Èyí dúdú ló mú, ó ti sọ ọ́ ní Bíńgò Kejì. Mo ní kò ní kúrò ní abúlé àfi tó bá gba oògùn ọ̀sẹ̀ kẹjọ. Ó ní kí n sàmì sí ọjọ́ náà fún òun lórí kàlẹ́ńdà, alaalẹ́ ló sì ń fi báírò fa ìlà sórí ọjọ́ kan.